Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Ó Dín Ẹyọ Kan

Òórùn obì tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá ti rántí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Kì í ṣe òórùn obì tí wọ́n là síwájú àlejò o. Obì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ti bó èèpo funfun ara rẹ̀, tí wọ́n dà sórí ẹní kó gbẹ díẹ̀, kí wọ́n tó fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà, pẹ̀lú ìkorò díẹ̀ tó máa ń ta èèyàn nímú. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, kò ní òórùn mìíràn. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta obì, ẹnu mi á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan. Ọkọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú u. Bí mo bá sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín.

Kíláàsì kẹrin ni mo wà nígbà náà, nínú àwọn ọdún 1980, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwa mẹ́fà péré la yan ìṣirò àfikún tí gbogbo wa ń pè ní Fọ́dà. Àwọn ẹgbẹ́ wa tó kù wà ní kíláàsì ìdáná, òórùn kéèkì wọn á máa gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wa níbi tí a jókòó sí, tí a tẹjú mọ́ pátákó dúdú. Ṣùgbọ́n inú wa ń dùn. Àgùnbánirọ̀ ni olùkọ́ wa, ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìjọba rán wá láti ilẹ̀ Ìgbò, tí kò gbọ́ Yorùbá ju “ẹ káàárọ̀” lọ, tó sì máa ń kí wa bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bó bá yanjú ìṣirò kan tán, á fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, á pàtẹ́wọ́ fún ìṣirò náà fúnra rẹ̀. N kò tíì rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ rí títí di ìgbà náà.

Ìṣòro wa ni pé a kéré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kẹta, prínsípà pe àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti olùkọ́ wa sí ọ́fíìsì. Ìyá gíga kan ni, kì í pariwo, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí kì í gbọ́ ọ. Ó ní òun kò lè máa fi odindi olùkọ́ kan sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́fà, pé bí a bá ti wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi, kí gbogbo wa kó ìwé wa lọ sí kíláàsì ìdáná. Ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi tí n kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ Fọ́dà, mo sì mọ̀ pé n kò fẹ́ kéèkì, àfi kí n rí i jẹ. Olùkọ́ wa bẹ̀bẹ̀, àwa náà bẹ̀bẹ̀, a kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Níkẹyìn ni prínsípà yí sí wa.

“Ọjọ́ Àwọn Òbí ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn onídàáná á gbé oúnjẹ kalẹ̀, àwọn òbí á jẹ, wọ́n á mọ ohun tí ọmọ wọn kọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ bá lè fi ohun kan hàn nínú Fọ́dà yín yìí tí ìyá tí kò kàwé á gbọ́, tó máa yé e, ní Yorùbá, láìsí Gẹ̀ẹ́sì kankan, ẹ máa bá a lọ. Bí kò bá yé wọn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ wa wọlé, ó kọ nọ́ńbà kan gàdàgbà sójú pátákó: 142857. Ó ní ká ṣe é ní ìlọ́po méjì. A ṣe é, ó di 285714. Ó ní ká ṣe é ní ìlọ́po mẹ́ta, ó di 428571. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí, ọmọ Àlàájà kan tó ń ta aṣọ nígboro, ló kọ́kọ́ lọgun. Àwọn kan náà ni! Ọ̀kan, mẹ́rin, méjì, mẹ́jọ, márùn-ún, méje: kò sí ẹni tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kejì rẹ̀, ẹni tó ṣíwájú nìkan ló ń yí padà, bí ìgbà tí àwọn ọmọdé bá di ọwọ́ ara wọn mú tí wọ́n ń yí po nínú agbo. Ìlọ́po mẹ́rin, bákan náà. Ìlọ́po márùn-ún àti mẹ́fà, bákan náà. A ti ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ, ló bá ní ká ṣe ìlọ́po méje. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé mo ṣì í ni. 999999. Gbogbo agbo ti para dà di mẹ́sàn-án! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ bí o bá bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, n kò lè sọ.

Àwa mẹ́fà rèé, nọ́ńbà mẹ́fà rèé, kí la tún ń wá? A ó gbé páálí kọ́rùn, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, a ó máa yí po níwájú àwọn òbí. Èmi tí mo kúrú jù ni wọ́n fún ní ọ̀kan, wọ́n sì ní èmi ni n ó máa kéde. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe 142857 ní Yorùbá? Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mẹ́fà tí a lè fi Gẹ̀ẹ́sì ka nǹkan dé bílíọ̀nù, kò sí ẹni tó lè fi èdè ìyá rẹ̀ kà á kọjá igba láìkọsẹ̀. Ẹnì kan ní ká pè é ní “táósáǹdì ọgọ́rùn-ún kan àti méjìlélógójì.” Ọmọ Àlàájà ní bí ìyá òun bá gbọ́ ìyẹn, òun ò ní padà sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́, ìdáná gan-an á di àwátì.

Ní Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ìmùṣin. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí rẹ̀, òkìtì obì wà níwájú rẹ̀, ó ń kà á. Kì í kà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí tiwa. Ọwọ́ rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, á gbé márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kì í wò ó, kì í sì í ṣì í. Bó bá ti pé igba, á sọ ẹyọ kan sínú igbá kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè fi ṣe àmì. Láti oko bàbá rẹ̀ ni obì náà ti ń wá, òun àti àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ ló jọ jogún oko náà. Ọmọ méje ni bàbá náà bí, nítorí náà gbogbo obì tó bá ti oko náà wá, ọ̀nà méje ni wọ́n máa ń pín in sí, òun ni wọ́n sì fi pínpín náà lé lọ́wọ́ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge. N kò dá a dúró. Ẹni tó bá dá ìyá àgbà dúró lẹ́nu kíkà, olúwarẹ̀ ni yóò tún un kà látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó kà á tán, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ìjẹ̀bú ògidì ló máa ń sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́nà tí yóò fi yé ọ.

“Nọ́ńbà wo lo ní ẹnu rẹ ò gbà?”

“Táósáǹdì ọgọ́rùn-ún kan àti méjìlélógójì, mà. Pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ, àti mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. “Ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ! Ẹgbẹ̀rin ni wọ́n ń pe ìyẹn, ọmọ Alárè. Ta ló ń kọ́ yín ní nǹkan?”

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lórí ẹní bíi pé ó ń to nǹkan tí èmi kò rí. Ó ní ọ̀kẹ́ kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni. Méje nínú rẹ̀ ti kó ogóje ẹgbẹ̀rún lọ, ó ku ẹgbẹ̀rún méjì, ìyẹn ẹgbàá. Bí a bá da ẹgbàá pọ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rìnlá ló dé yẹn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tí mo mú wá ni yóò tẹ̀ lé wọn. “Ọ̀kẹ́ méje, ẹgbẹ̀rìnlá, ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta,” ló wí, bí ẹni ń pe ọmọ àdúgbò kan tó ti mọ̀ tipẹ́. Mo ní kó tún un pè. Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn létí mi ju bó ṣe dára lójú pátákó lọ.

Mo ń sọ àwọn ìlọ́po rẹ̀ fún un níkọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n, mo ń kọ wọ́n sínú ìwé. Nígbà tí a dé orí ìlọ́po méjì, ó ní ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ó lé mẹ́rìnlá. Ó wá na ìka sí mi.

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ni mo wí o. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún nìyẹn. Bí o bá pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, o ti sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Ahọ́n rẹ ò gbọdọ̀ yọ̀ níbẹ̀.”

“Ahọ́n mi ò ní yọ̀, mà,” ni mo fọ́nnu.

Nígbà tí a dé ìlọ́po méje, mo rọra sọ ọ́ bí ẹni ń sọ àṣírí, pé gbogbo rẹ̀ á wá di mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Mo retí kó lanu sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà.

“Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín ẹyọ kan,” ló wí. “Kí ló wá wà níbẹ̀? Bí mo bá ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ obì, tí mo pín in fún àwa ọmọ bàbá mi méjèèje, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba iye tí o ń pariwo lé lórí yẹn, á wá ku ẹyọ kan.”

“Ta ló máa wá mú ẹyọ kan yẹn?”

“Kò sí ẹni tó máa mú un. À á pa á jẹ níbẹ̀. Àṣẹ́kù kì í bá ẹnì kan relé.”

Ó mú obì kan, ó là á sí awẹ́ méjì, ó fún mi ní ọ̀kan. Ó korò kọjá sísọ. Mo fún ojú pọ̀, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wò wá lọ́jọ́ náà, ó ní òun á rí i bí ẹsẹ̀ òun bá ṣe ṣe sí.

Ọjọ́ Àwọn Òbí dé. Àwọn onídàáná ti fi kéèkì àti pọ́fù-pọ́fù gba ọkàn gbogbo èèyàn kí ó tó kàn wá. Àwọn òbí ti yó, wọ́n ń fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn, bàbá kan lẹ́yìn ti ń hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Prínsípà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Olùkọ́ wa dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ káákì rẹ̀, ó ń jẹ èékánná. Mo wá ìyá àgbà láàárín èrò títí, n kò rí i. A jáde, a tò níwájú wọn, mo gbé ohùn sókè, mo pe nọ́ńbà wa: ọ̀kẹ́ méje, ẹgbẹ̀rìnlá, ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo rí i tí àwọn ìyá mélòó kan gbé orí sókè. Mo ní a fẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. A di agbo, a ń yí, a ń pàtẹ́wọ́, a dúró, a tú agbo náà sí ìlà, ẹni tó gbé méjì ló wà níwájú báyìí.

Mo ké tantan: “Ọ̀kẹ́ mẹ́rìnlá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ó lé mẹ́rìnlá!”

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kẹ̀?”

Àlàájà tó jókòó lọ́wọ́ iwájú ló sọ̀rọ̀, ìyá ọ̀rẹ́ mi yẹn. Ó ti dìde tán. “Ọmọ mi, ẹgbẹ̀rìnlá lo ní lẹ́ẹ̀kan. O wá ṣe é ní ìlọ́po méjì, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ṣé wọ́n ti jẹ nínú rẹ̀ ni?”

Ẹ̀rín sọ. Gbogbo ohun tí mo rí lọ́kàn mi ni epo tó ń hó àti ìyẹ̀fun, tí èmi sì dúró tì wọ́n títí dé kíláàsì karùn-ún. Nígbà náà ni bàbá tó ń hanrun lẹ́yìn dáhùn, ojú rẹ̀ ti là rekete: ẹgbẹ̀rìnlá méjì, ó ní, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta lé ẹgbẹ̀ta ni, ẹ bu mẹ́tàdínlọ́gọ́ta méjì lé e, ẹgbẹ̀ta yẹn á kọjá sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, á lé mẹ́rìnlá. Ìyá kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mìíràn ní rárá, ẹ jẹ́ kí òun kà á fúnra òun, ó kà á lórí ìka, ó ní ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń ṣírò. Kò sí bírò, kò sí ìwé. Àwọn tí wọ́n ní kò ní yé ti já ìṣirò wa gbà lọ́wọ́ wa.

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta!” Àlàájà pàṣẹ fún mi.

“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, mà!”

“Ẹ̀hẹ́n. Ẹ máa yí lọ.”

A yí. Nígbà tí a dúró fún ìlọ́po mẹ́ta, kí n tó lanu ni wọ́n ti ń pè é láti ọwọ́ iwájú dé ẹ̀yìn: ọ̀kẹ́ mọ́kànlélógún, ẹgbàárin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó lé mọ́kànléláàádọ́rin. Àlàájà na ọwọ́ sí mi. “Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tí o ń wá lẹ́ẹ̀kan rèé o!” N kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́. Ní ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n ti rí ohun tí a fẹ́ kí wọ́n rí, pé àwa kan náà la ń yí po. Wọ́n ń pariwo orúkọ ẹni tó kàn láti ṣíwájú. Ní ìlọ́po mẹ́fà, àwọn kan ti dìde dúró.

Nígbà tí ó di ìlọ́po méje, a kò yí mọ́. A dúró gbọn-in, a jọ yí páálí ọrùn wa padà lẹ́ẹ̀kan náà. A ti kọ mẹ́sàn-án sẹ́yìn gbogbo wọn.

“Sùbúhánálláhì!” ni Àlàájà wí, ó sì jókòó.

Mo kéde rẹ̀ jẹ́jẹ́: “Àádọ́ta ọ̀kẹ́, ó dín ẹyọ kan.”

“Ẹyọ kan ọ̀hún dà?” ni bàbá ẹ̀yìn yẹn béèrè.

A kò múra fún ìyẹn. Mo wo olùkọ́ wa. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́: “Òun rèé.” Ìyá àgbà mi ni. Ọkọ̀ Ìmùṣin ló dá a dúró, lójú ilẹ̀kùn yẹn ló sì dúró sí láti ìgbà tí mo ti ṣìsọ, ó kàn ń wò mí ni. Ó rìn wá síwájú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó mú obì kan ṣoṣo jáde, ó gbé e sórí tábìlì níwájú prínsípà.

“Ó ti pé,” ló wí.

N kò lè fi ẹnu sọ ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn fún ọ. Prínsípà wo obì náà, ó wo ìyá àgbà, ó kúnlẹ̀ kí i lójú gbogbo èèyàn. Ó ní kí wọ́n bá òun mú ọ̀bẹ wá láti orí tábìlì àwọn onídàáná, ó gé obì náà wẹ́wẹ́, ó pín in fún ìyá àgbà, fún Àlàájà, fún bàbá ẹ̀yìn, fún olùkọ́ wa, fún àwa mẹ́fà, títí kò fi kù ju ìwọ̀n èékánná lọ. Ìyẹn lòun fi sẹ́nu. “Ẹ máa bá Fọ́dà yín lọ,” ló wí fún wa. Ó wá wo èmi nìkan. “Ṣùgbọ́n ìwọ, kọ́kọ́ lọ mọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta.”

Nígbà tí èrò ń tú ká, olùkọ́ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po méjì tí gbogbo èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo ní mo ṣìsọ ni. Ó ní ṣé àṣìṣe mi ló jí gbogbo wọn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rò ó títí, ó wá pàtẹ́wọ́ fún mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ fún ìṣirò.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rò pé ìṣirò jẹ́ nǹkan tí wọ́n gbé wá láti òkè òkun fún àwa tí a mọ̀wé. Ó ti wà ní yàrá ẹ̀yìn kan ní Ìmùṣin kí wọ́n tó bí mi, lọ́wọ́ obìnrin kan tí kò wọ kíláàsì rí, èmi ni n kò mọ orúkọ tó ń jẹ́ nílé. Ìgbéraga mi dín kù lọ́jọ́ náà, ayọ̀ mi sì pọ̀ sí i. Ìyá àgbà ti lọ tipẹ́, ilé ti wà níbi tí oko obì yẹn wà. Èmi di olùkọ́ ìṣirò, bí o ṣe mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi pín mílíọ̀nù kan sí ọ̀nà méje. Ó ṣe é dáadáa, ó wá kọ “ó ku 1” sí igun ìwé rẹ̀, kékeré, bí ẹni tí ojú ń tì. Ó bi mí pé, “Mà, kí ni kí n ṣe sí èyí tó kù?” Mo ṣí báàgì mi, mo mú obì jáde, mo là á, mo fún un ní awẹ́ kan, mo ju èkejì sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó fún ojú pọ̀, mo sì bú sẹ́rìn-ín.